Kókó inú ẹ̀dọ̀ bàbá wa bẹ́, dókítà ní àwọn kò ní la ikùn. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹlẹ́pà · Ìṣẹ́gun, 11:08 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Iwájú wọ́ọ̀dù ni mo ti ń tẹ èyí, ẹ má wo àṣìkọ.

Bàbá wa, ẹni ọdún 58, ń ta ẹ̀pà àti àgbàdo ní Sábó níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kì í ṣàìsàn. Láàárọ̀ àná, wọ́n ń gbé àpò kan sórí ìwọ̀n, wọ́n bá dédé di ikùn mú lápá ọ̀tún, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé nǹkan já nínú àwọn. Kó tó di ọ̀sán, ikùn ti le gbagidi, òógùn tútù ti bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde lọ tọ̀, wọ́n dákú. Ibi àkọ́kọ́ tí a gbé wọn lọ, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ìyá wa ló yarí pé àwọn kò lọ síbì kan. Níbi kejì ni dókítà ti fi abẹ́rẹ́ fa omi ikùn wò: ẹ̀jẹ̀ ni. Síkáànì fi hàn pé kókó kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó tóbi tó ọsàn, ó sì ti bẹ́. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ jẹjẹrẹ.

Wọ́n ti fa páíǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta sí wọn lára. Dókítà ní ká má là á. Ó ní ká gbé wọn lọ síbi tí wọ́n á ti gba inú iṣan itan wọlé, tí wọ́n á lọ dí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi láti Èkó ní gbájúẹ̀ ni, pé ta ló ń gba itan dé ẹ̀dọ̀? Ó ní kí wọ́n là á níbí, kí wọ́n gé e dànù, kó tán. Àárọ̀ ọ̀la ni ẹbí fẹ́ pinnu. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ nǹkan yìí?

Akọ́dà Tákíé · 11:21 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo kàn ń gbé e sókè kí àwọn tó mọ̀ lè rí i ni.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì · 11:34 alẹ́

Ọmọ mi, dá mi lóhùn kíá. Èló ni BP wọn báyìí? Ṣé ẹyinjú wọn pọ́n bíi ti oníbà pọ́njú? Ṣé wọ́n ń tọ̀?

Ẹ̀yin ẹ sì ń ṣe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ́kọ́ lọ jí àwọn tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀. Ẹni mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ kó tó di aago méje. Ibi yòówù tí ẹ bá padà gbé bàbá lọ, wọ́n máa nílò rẹ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́pà · 11:41 alẹ́

Ẹ ṣé mà. 80/50 ni wọ́n bá a nígbà tí a dé, ó ti di 100/60. Ẹyinjú wọn kò pọ́n, ńṣe ló funfun báláú. Wọ́n ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti pe àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí wọ́n ń gun ọ̀kadà, wọ́n ń bọ̀.

Ẹlẹ́síréè · 12:02 òru

Yàrá ẹ́síréè ni iṣẹ́ mi, mo sì ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kì í ṣe gbájúẹ̀. Embolization ni wọ́n ń pè é.

Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú sí ibi tí itan ti pàdé ikùn. Bàbá kò ní sùn, wọ́n lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ. Iṣan ńlá kan ń lù kìkì níbẹ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́ náà, rọ́bà tín-ín-rín á wá tẹ̀lé wáyà. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Seldinger, dókítà ará Sweden, ló gbé e jáde ní 1953, òun la sì ń lò títí dòní. Rọ́bà yẹn á gòkè gba iṣan tó tóbi jù lọ níwájú egungun ẹ̀yìn, á wá yà sí èyí tó lọ sí ẹ̀dọ̀.

Ẹ́síréè á máa ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Wọ́n á tú oògùn kan tí ẹ́síréè ń rí sínú rọ́bà, gbogbo ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n bí ẹ̀ka igi nígbà ọyẹ́. Ibi tí kókó wà á dúdú, á rí jágajàga. Nígbà mìíràn ẹ máa rí ibi tí oògùn ti ń tú jáde níbi tó bẹ́, nígbà mìíràn ẹ kò ní rí i rárá, nítorí jíjò rẹ̀ lè kéré lásìkò yẹn. Wọ́n á fi ègé jẹ́látìn wínníwínní tó rí bíi kànìnkànìn dí ẹ̀ka tó ń bọ́ kókó náà, tàbí wáyà kékeré tó ń ká ara rẹ̀ kò. Wọ́n á yọ rọ́bà, wọ́n á tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, bàbá á sì na ẹsẹ̀ yẹn gbọọrọ fún wákàtí mélòó kan. Kò ní sí ojú ọgbẹ́ tí ẹ máa rán.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé bí páìpù omi bá bẹ́ nínú ògiri, ẹnì kan lè gbé òòlù kó fọ́ ògiri wá a kiri, ẹlòmíràn á lọ síbi tí omi ti ń wọlé lọ tì í. Ẹni kejì yẹn ni dókítà yín fẹ́ ṣe.

Bọ̀dá Èkó · 12:40 òru

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí àbúrò mi wá ń fi sùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi lìǹkì ránṣẹ́ sí mi fúnra rẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Mi ò kàwé dókítà, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ìbéèrè méjì péré. Bí ẹ bá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀, kí ni ẹ̀dọ̀ á máa jẹ? Ṣé kò ní jẹrà ni? Èkejì, ẹ dí i tán, kókó ṣì wà níbẹ̀. Kí ni mo wá ta ilẹ̀ mi fún?

Ẹlẹ́síréè · 1:05 òru

Sà, kò sí dókítà tí kò ní dáhùn ìbéèrè méjèèjì yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀dọ̀ ń jẹun lọ́nà méjì. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ̀ ọ́ ń ti ìfun wá, ó ń gba iṣan tí wọ́n ń pè ní portal vein. Ìyókù ló ń gba iṣan tó ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ nínú ti ìfun. Iṣan tó ti ọkàn wá ló fi ń bọ́ ara rẹ̀, òun náà ló sì ń ta ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá bẹ́. Tí wọ́n bá dí ẹ̀ka yẹn, kókó á kú sójú kan, ẹ̀dọ̀ gidi á ṣì máa rí oúnjẹ tirẹ̀ gbà lọ́nà kejì.

Ibi tí ẹ̀rù yín ti tọ́ ni pé ó ní ẹni tí ọ̀nà kejì yẹn ti dí fún. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń wọ inú portal vein. Bó bá ti dí i pátápátá, tí wọ́n tún wá dí èyí tó kù, ẹ̀dọ̀ lè kú. Bákan náà ni ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n rekete, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì fi tètè béèrè ẹyinjú bàbá. CT, irú síkáànì tó ń fi ẹ́síréè ya àwòrán inú ara, ló máa sọ ti iṣan náà.

Ti ìbéèrè kejì, ẹ sọ òótọ́. Kókó ṣì wà. Ẹ̀jẹ̀ ni owó yín máa dá dúró, kò tíì wo jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ti wò ó, ẹ sá fún un. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ikùn tó kún fún ẹ̀jẹ̀, BP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra nílẹ̀, ẹ fẹ́ kí wọ́n gé ẹ̀dọ̀ ní òru tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ bí ẹ̀dọ̀ tó kù ṣe lágbára tó. Àwọn tó kú lórí tábìlì báyẹn pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró, tí ara bàbá bá mókun, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ṣeé gé, wọ́n á gé e pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí kókó bá kéré, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ gbígbóná wà tí wọ́n fi ń sun ún látita. Bí kò bá ṣeé gé, wọ́n lè tún gba ojú itan kan náà padà, kí wọ́n da oògùn kẹ́mò, èyí tó ń pa jẹjẹrẹ, pọ̀ mọ́ òróró kan, kí wọ́n tú u sójú kókó. TACE ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní 2002, ìwádìí méjì, ọ̀kan láti Barcelona, ìkejì láti Hong Kong, fi hàn pé ẹ̀mí àwọn tí kókó wọn kò ṣeé gé, tí wọ́n ṣe é fún, gùn ju ti àwọn tí wọn kò ṣe é fún lọ.

Ìyá Tóyọ̀ọ́sì · 5:17 ìdájí

Mo jí ṣe àdúrà ni mo rí èyí, ara mi bù máṣọ. Bó ṣe ṣe àǹtí ọkọ mi nìyẹn, ọdún kẹfà rèé. Wọ́n là wọ́n lóru. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ṣí ikùn báyìí lẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò jí. Mi ò bá dókítà kankan jà o, kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà yẹn pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ẹlẹ́síréè · 5:40 ìdájí

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Níbi tí ẹ̀rọ kò bá sí, dókítà tó la ikùn láti di ẹ̀jẹ̀ pa kò ṣẹ̀. Nígbà mìíràn òun nìkan ni ọ̀nà.

Bàbá Ewé · 5:52 ìdájí

Gbogbo ariwo yìí, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lásán ni. Ẹ wá egbò ìyeyè, ẹ bó o, ẹ fi omidùn sè é pẹ̀lú kán-ún díẹ̀. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Àwọn baba wa kò gba itan ẹnikẹ́ni wọlé kí ara wọn tó dá.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì · 5:58 ìdájí

Bàbá Ewé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kún ikùn rẹ̀, tí wọ́n lè gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbàkigbà, omi lásán kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ní kó mu. Ọmọ Ẹlẹ́pà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí o dúpẹ́, kí o gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Ẹlẹ́pà · 6:50 àárọ̀

A ti pinnu, a máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí a lọ. Ìlọrin ló súnmọ́ wa jù, àwọn kan ní Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì · 6:56 àárọ̀

Ibi tí ẹ̀rọ wà, tí iná wà, tí dókítà tó ń ṣe é wà ní ìjókòó lónìí, ibẹ̀ ló súnmọ́ jù. Kí dókítà yín pe dókítà ibẹ̀ kí mọ́tò tó ṣí, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé kí ẹ máa bọ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan tẹ̀lé yín, kí ojú dírípù méjì wà lọ́wọ́ bàbá, kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú kúlà. Ẹ gbé síkáànì lọ, kì í ṣe ìwé èsì nìkan. Ẹ sì sọ fún dírẹ́bà pé kó má sáré já sí kòtò. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà wa.

Akọ́dà Tákíé · 7:03 àárọ̀

Ti kòtò yẹn lẹ wá sọ. Èmi àti ẹnì kan ti wà ní ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́, wọ́n ti fa tèmi. Ọmọ Ẹlẹ́pà, ìwọ kò mọ̀ mí, jáde síta kí o wo ẹni tó wọ fìlà pupa.

Ọmọ Ẹlẹ́pà · Ọjọ́rú, 10:26 alẹ́

Wọ́n ti ṣe é. Aago mẹ́rin kọjá ni wọ́n gbé wọn wọlé, kò tó wákàtí méjì. CT fi hàn pé portal vein ṣí sílẹ̀. Bàbá ní àwọn ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, pé ibi kan wà tí ara àwọn gbóná lọ wàrà nígbà tí wọ́n tú oògùn sí i. BP ti di 118/70, wọn kò tíì fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn sí wọn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni bóyá a ti àpò ẹ̀pà mọ́lé.

Ọmọ Ẹlẹ́pà · Àbámẹ́ta, 2:14 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ibà ti mú wọn láti ìjẹta, inú ń dùn wọ́n, wọ́n ń bì. Ẹ̀gbọ́n mi ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́síréè · 2:31 ọ̀sán

Ibà, inú rírun, èébì, wọ́n wọ́pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kókó tó ń kú nínú ara ló ń fa á, ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ẹ má tìtorí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ jókòó. Ẹ sọ fún dókítà. Bí ó bá ń gbọ̀n rìrì, bí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ń dàrú, tàbí BP bá tún já wálẹ̀, ìyẹn kì í ṣe èyí tí mo ń wí.

Bọ̀dá Èkó · 3:02 ọ̀sán

Mi ò tún bẹ̀rẹ̀. Mo kàn béèrè ni.

Ọmọ Ẹlẹ́pà · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ibà lọ ní ọjọ́ kẹfà. Bàbá ti ń rìn dé ojú pópó. CT tuntun fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú kókó náà ti kú, ó ku etí kan tó ṣì ń gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ó ṣeé gé, pé ẹ̀dọ̀ tó máa kù á tó wọn lò. Ó fi kún un pé bíbẹ́ tó bẹ́ lè ti fọ́n irúgbìn rẹ̀ ká inú ikùn, nítorí náà àwọn kò ní búra fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí wọ́n gé e lóru ọjọ́ náà ló wá ń béèrè báyìí bóyá kò ní dáa ká tún fún bàbá ní oṣù kan kí ara wọn le sí i.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Wọ́n rí hẹpatáítìsì B, kòkòrò àìlèfojúrí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lára bàbá. Ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ láti kékeré, kò dùn wọ́n rí. Wọ́n ní kí gbogbo ilé wá ṣe àyẹ̀wò. Ìyá wa kò ní in. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní in. Èmi ní in.

Dókítà wá béèrè iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe. Nígbà tí mo ní ẹ̀pà, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí ni a máa ń fi èyí tó bu ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà Sábó, ẹ mọ̀ ọ́n. Tí òjò bá pa àpò, a máa ń tú u sílẹ̀ ṣà: èyí tó dáa fún oníbàárà, èyí tó ti dúdú tàbí tó ti hu olú fún àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí, èyí tó wà láàárín méjèèjì, ilé ni à ń gbé e lọ. A á yan án, a á fi mu gàrí. Mo jẹ ẹ́ dàgbà ni. Dókítà ní májèlé kan wà nínú olú yẹn, aflatoxin, pé yíyan kò pa á tán, pé òun àti hẹpatáítìsì B nínú ẹ̀dọ̀ kan náà burú ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ fíìfíì. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo àwo ẹ̀pà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì · ọjọ́ kan náà, 8:19 alẹ́

Ọmọ mi, má banú jẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ìwọ mọ̀, bàbá rẹ kò mọ̀. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò kí wọ́n mọ bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó. Bó bá tó lílo oògùn, tenofovir ni wọ́n sábà máa ń fúnni, hóró kan lójúmọ́, má dá a dúró fúnra rẹ. Síkáànì ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kókó tí wọ́n bá tètè rí nígbà tó ṣì kéré bí àgbàdo, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tó bẹ́ pọ̀. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, kì í ràn bẹ́ẹ̀. Abẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ibùsùn ni kó o ṣọ́.

Ẹ̀yin yòókù: 2004 ni wọ́n fi àjẹsára rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ ìkókó ní Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, àyàfi tó bá lọ gbà á fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ náà: òní, oṣù kan sí i, oṣù mẹ́fà sí òní.

Bọ̀dá Èkó · 8:44 alẹ́

Mo ti gba ti àkọ́kọ́. Àbúrò mi, pè mí.

Bàbá Ewé · ọjọ́ kejì, 6:11 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ojúmọ́. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, ikùn ló pa wọ́n, ó wú báyìí náà. Ẹni ọdún 60 ni wọ́n. Ṣé wọ́n máa ń ní kéèyàn má jẹun kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì · 6:20 àárọ̀

Rárá sà. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ.